Tẹlifíṣàn Tí Yóò Bá Wa Kalẹ́

Ọ̀rọ̀ ìnáwó inú ilé ni a máa ń jíròrò níhìn-ín, èyí tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí sì kan tẹrú tọmọ: báwo ni a ṣe lè fi owó tí kò pọ̀ ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara, tí yóò sì pẹ́ lọ́wọ́ wa?

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Ìbàdàn. Láyé ìgbà náà, ilé ẹni tí ó bá ní tẹlifíṣàn ni gbogbo àdúgbò ń rọ́ lọ ní ìrọ̀lẹ́. Lónìí, yálà Kàdúná ni a ń gbé tàbí Jọ́ọ̀sì, yálà Kánò ni tàbí Àbújá, ó ṣọ̀wọ́n kí a wọ ilé ọmọ Yorùbá kan kí a má bá a níbẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ìròyìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń wo tàfúsírì nínú oṣù àwẹ̀. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ ti ń gbọ́ Yorùbá tí ó dáńgájíá lẹ́nu àwọn òṣèré.

Owó tí ọ̀pọ̀ wa fi ń rà á kò já bọ́ láti òkè. Owó àjọ ni, owó tí a yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni, tàbí èyí tí ìyá ilé ṣẹ́ jọ díẹ̀díẹ̀ lára èrè ọjà. Bí ẹ̀rọ náà bá kú kí a tó san gbèsè rẹ̀ tán, ọ̀ràn ti di méjì: gbèsè wà lọ́rùn, ara ògiri sì ṣófo. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó yẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

ÈWO GAN-AN NI OWÓ PỌ́Ọ́KÚ?

Iye tí a kọ sára ọjà nìkan kọ́ ni iye tí ọjà náà yóò ná wa. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní tẹlifíṣàn kan jẹ́ ₦180,000, tí ó sì bàjẹ́ pátápátá lẹ́yìn ọdún méjì, ₦90,000 ni a ná lé e lórí lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ká ní èkejì jẹ́ ₦270,000, tí ó sì lo ọdún mẹ́fà, ₦45,000 péré ni ti ọdún kan. Èyí tí a rò pé ó wọ́n ni ó wá fi ìdajì dínwó ju èkejì lọ.

Lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó tí a bá dà sínú ìkòkò ní í sọ ọbẹ̀ di dídùn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó ń lọ sí ibi tí kò ṣe ilé ní àǹfààní: sí fífẹ̀ tí yàrá kò gbà, sí orúkọ ńlá tí a kọ sára páálí, àti sí ẹ̀ṣọ́ tí a kò ní lò. Ohun méjì ni a ń gbà yín nímọ̀ràn láti fi owó yín ra: ojú tí ó dára, àti ààbò lọ́wọ́ iná tí kò dúró sójú kan. Bí ẹ bá ti mú àwọn méjèèjì yìí, ẹ ó rí i pé owó tí ó wà lọ́wọ́ lè tó.

ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́

Láti igun ìsàlẹ̀ kan sí igun òkè tí ó dojú kọ ọ́ ni a ti ń wọn tẹlifíṣàn. Oní-ínṣì 32 jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 81, oní-ínṣì 43 jẹ́ 109, oní-ínṣì 55 sì jẹ́ nǹkan bí 140. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ mú okùn ìwọ̀n, kí ẹ wọn àyè tí ó wà láàárín ògiri tí ẹ̀rọ yóò wà àti àga tí ẹ ó jókòó sí. Bí àyè náà bá jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀ sí méjì àbọ̀ ìwọ̀n ẹ̀rọ, ojú kò ní ro yín, ẹ ó sì rí ohun gbogbo kedere. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́fà àbọ̀ ni èyí fún oní-ínṣì 32. Ó jẹ́ márùn-ún àbọ̀ sí mẹ́sàn-án fún oní-ínṣì 43, ó sì jẹ́ méje sí mọ́kànlá fún oní-ínṣì 55. Ẹni tí ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ kékeré, tí ó wá ra oní-ínṣì 55, owó ni ó fi ra ìrora ojú fún àwọn ọmọ tí yóò jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀.

Títóbi ẹ̀rọ kan iná náà. Oní-ínṣì 32 tí a fi LED ṣe sábà máa ń jẹ nǹkan bí wáàtì 30 sí 50. Oní-ínṣì 55 lè jẹ 100 sí 150. Bí a bá ń lo wákàtí mẹ́fà lójoojúmọ́, ẹ̀rọ oníwáàtì 50 yóò jẹ yúnìtì 9 lára mítà wa lóṣù, nígbà tí oníwáàtì 150 yóò jẹ 27. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti sọ iye yúnìtì kan di ₦225 fún àwọn tí wọ́n wà ní ìpele tí wọ́n ń pè ní Band A, gbogbo wa ti mọ̀ pé yúnìtì kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré, bí iye náà tilẹ̀ ń gòkè, tí ó sì ń sọ̀.

Ẹni tí ó gbójú lé bátìrì àti iná oòrùn, kí òun náà ṣe ìṣirò yìí. Bátìrì olómi kan tí ó jẹ́ fóòtì 12, tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ 100Ah, kò yẹ kí á lò ó kọjá ìdajì kí a tó tún fún un ní iná. Ìdajì náà lè gbé ẹ̀rọ oníwáàtì 50 fún nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá, ṣùgbọ́n oníwáàtì 150 kò ní lò ju wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, bí kò bá tilẹ̀ sí fáànù kankan lórí rẹ̀.

OJÚ RẸ̀ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ WÒ

Àwọn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tíntìntín ni ó para pọ̀ di àwòrán tí a ń rí. Èyí tí wọ́n ń pè ní HD ní ẹyọ 1366 ní ìbú àti 768 ní òró. Àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan. Full HD jẹ́ 1920 sí 1080, ó lé ní mílíọ̀nù méjì. 4K jẹ́ 3840 sí 2160, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Bí ẹ̀rọ bá ti kéré, tí a sì jókòó jìnnà sí i, ojú ènìyàn kò ní mọ ìyàtọ̀. Fún oní-ínṣì 32, HD ti tó, Full HD sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ínṣì 43 sókè ni kí ẹ ti má ṣe gba ohun tí kò tó Full HD. 4K wúlò fún èyí tí ó bá tó ínṣì 50 sókè, pàápàá fún ẹni tí ń fi íntánẹ́ẹ̀tì wo fíìmù.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀tàn kan tí ó wọ́pọ̀ nínú ọjà. Wọ́n lè kọ “4K Support” tàbí “Full HD Support” gàdàgbà sára páálí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà lè gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wọlé, kì í ṣe pé ojú rẹ̀ lè fi í hàn bí ó ti rí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Resolution” tàbí “Native Resolution” sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí. Bí ẹ bá bá 1366 x 768 níbẹ̀, HD lásán ni, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà fi lẹ́tà ńlá kọ síwájú.

Ohun kejì ni irú ojú tí wọ́n lò. Oríṣi méjì ni ó pọ̀ jù lára àwọn tí apá tálákà ká: IPS àti VA. Ẹni tí ó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ onírú IPS yóò rí àwọ̀ bí ẹni tí ó wà níwájú ṣe ń rí i. Ti VA ń fi ohun dúdú hàn ní dúdú gan-an, ó sì dára fún yàrá tí ó ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n bí a bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣì. Nínú ilé tí bàbá wà lórí àga, tí ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tí àwọn ọmọ sì tò sórí ẹní, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ẹni tí ń tajà kò bá mọ irú èyí tí ó ń tà, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ rìn lọ sí apá ọ̀tún, kí ẹ rìn lọ sí apá òsì, kí ẹ sì lọ́ṣòó wò ó láti ìsàlẹ̀. Ojú yín yóò sọ òtítọ́ fún yín.

Ohun kẹta ni pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù tàn yín. Àwọn oníṣòwò sábà máa ń gbé tẹlifíṣàn sí ipò tí wọ́n ń pè ní “Vivid” tàbí “Dynamic”, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò máa kọ mànà bí aṣọ ọdún. Ẹ ní kí wọ́n yí i padà sí “Standard” tàbí “Movie”. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo àwọ̀ ara ènìyàn nínú rẹ̀. Bí ojú òṣèré bá pupa bí osùn tàbí tí ó funfun bí ẹfun, àwòrán náà kò dára.

OHUN TÍ Ń PA TẸLIFÍṢÀN

Bí a bá bi àwọn tí ń tún tẹlifíṣàn ṣe léèrè, ohun méjì ni wọn yóò tètè dárúkọ: iná tí ó ga jù, àti àwọn gílóòbù LED kéékèèké tí ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú ẹ̀rọ láti ẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn gílóòbù yìí bá jó, a ó máa gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ yóò ṣókùnkùn. Ooru ni ọ̀tá wọn. Bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn náà, tí wọ́n ń pè ní “Backlight”, sí 100 ní gbogbo ìgbà, a ń dín ọjọ́ wọn kù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé, ẹ fi rìmóòtù dín in kù sí nǹkan bí 50 tàbí 60. Àwòrán yóò tẹ́ ojú lọ́rùn, iná tí yóò jẹ yóò dín kù, ẹ̀rọ yóò sì pẹ́. Kọ́bọ̀ kan kò bá a lọ.

Ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pinpin. Ẹ fi àyè bí ínṣì mẹ́rin sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní apá Òkè Ọya mọ ohun tí eruku ọyẹ́ máa ń ṣe. Ó ń wọ inú àwọn ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó sì ń dí ọ̀nà tí ooru ń gbà jáde. Ní àsìkò náà, ẹ fi aṣọ bò ó nígbà tí a kò bá tàn án, ṣùgbọ́n ẹ ká aṣọ náà kúrò pátápátá kí ẹ tó tàn án. Aṣọ gbígbẹ tí ó rọ̀ ni kí ẹ fi nu ojú rẹ̀. Ẹ má ṣe fọ́n omi tàbí ọṣẹ sí i.

Ní ti iná, fóòtì 230 ni a fi ṣètò iná ilé ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ó máa ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì máa ń fò sókè. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, iná tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ kò lè pa á lára. Èyí tí ó ga ni kí a bẹ̀rù, ìgbà tí iná bá sì ń padà dé ni ewu náà wọ́pọ̀ jù. Nítorí náà, kí ẹ tó pinnu bí ẹ̀rọ yóò ti tóbi tó, ẹ kọ́kọ́ yọ owó ẹ̀rọ ààbò sọ́tọ̀, irú kékeré tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ń já iná bí ó bá ti ga jù, tí yóò sì dúró díẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí iná wọlé. Bí iná bá ti lọ, ẹ fa wáyà tẹlifíṣàn yọ. Bí òjò bá ṣú, tí àrá sì ń sán, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ sì yọ ti áńtẹ́nà tàbí ti díìṣì náà, nítorí ara wáyà ìta yìí ni mànàmáná ti máa ń bá wọlé.

Ẹ rántí àwọn ọmọ pẹ̀lú. Bí ojú tẹlifíṣàn bá fọ́, owó tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀ máa ń súnmọ́ iye tí a ó fi ra tuntun. Ẹ so ó mọ́ ògiri dáadáa, kí ó ga ju ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé.

TÒKUNBỌ̀ ŃKỌ́?

Tòkunbọ̀ tí ó dára wà, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ìlú tí ó ti wá. Iná fóòtì 120 ni wọ́n ń lò nílé ní Amẹ́ríkà. Bí a bá kọ 110–120V sẹ́yìn ẹ̀rọ, tí a sì kì í bọ iná wa tààrà, ó ti jó nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ètò tí wọ́n fi ń gba àwòrán láti ojú òfuurufú ní Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ ATSC, kì í ṣe tiwa. Èyí tí ó wá láti Ìlú Ọba súnmọ́ tiwa jù, nítorí pé iná wọn àti tiwa bára mu, wọ́n sì ń lo DVB-T2 bíi tiwa. Ẹ jẹ́ kí tòkunbọ̀ wà ní títàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán kí ẹ tó sanwó, nítorí àrùn mìíràn wà tí kì í fara hàn àfi bí ara ẹ̀rọ bá ti gbóná.

DVB-T2 tí a dárúkọ yìí ṣe pàtàkì fún ẹ̀rọ tuntun náà. Òun ni Nàìjíríà yàn fún ètò ìgbéjáde díjítà tuntun tí ó ń rọ́pò ti àtijọ́ lórí tẹlifíṣàn, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, tí ó dé Àbújá ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, tí ó sì dé Èkó àti Kánò ní ọdún 2021. Bí ẹ bá rí “DVB-S2” lára ẹ̀rọ pẹ̀lú, ìyẹn lè gba àwọn ìkànnì ọ̀fẹ́ tààrà láti ara díìṣì láìsí dikódà. Lára irú àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀ ni ti ìjọba Saudi tí ń fi Mọ́sáláṣí Mẹ́kà hàn tọ̀sán-tòru. Ilé tí kò fẹ́ máa san owó oṣooṣù lè rí èrè púpọ̀ nínú èyí.

Ní ti tẹlifíṣàn tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní “Smart”, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó mú owó ojú rere lọ. Nínú àwọn tí owó wọn kéré, ẹ̀ka íntánẹ́ẹ̀tì ni ó máa ń kọ́kọ́ gbó, nígbà tí ojú ẹ̀rọ ṣì wà ní pípé. Bákan náà, fíìmù tí ó mọ́ dáadáa lè jẹ nǹkan bí 3GB láàárín wákàtí kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ owó dátà. Bí tẹlifíṣàn lásán bá ti ní ihò HDMI, ẹ lè ra ẹ̀rọ kékeré tí yóò sọ ọ́ di olóye lẹ́yìn ọ̀la, bí àyè bá gbà yín.

NÍ ỌJỌ́ ÌRAJÀ

Yálà ọjà Alábà ní Èkó ni ẹ ó lọ, tàbí ọjà Sábóngárì ní Kánò, tàbí ọjà Wúsè ní Àbújá, ẹ lọ ní ọ̀sán, nígbà tí àyè wà fún àyẹ̀wò. Ẹ mú fláàṣì kan dání tí ẹ ti fi àwòrán funfun, dúdú àti pupa lásán sí. Lórí funfun, ẹ wá àmì dúdú tàbí òjìji. Lórí dúdú, ẹ wo bóyá ìmọ́lẹ̀ ń jò láti igun. Ẹ dán gbogbo ihò rẹ̀ wò, kí ẹ sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Nọ́ńbà tí ó wà lára páálí gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ mu. Ẹ ka orúkọ ilé iṣẹ́ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí àwọn ayédèrú máa ń yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà. Ẹ sì bèèrè ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ní ìlú tí ẹ ń gbé, kì í ṣe ní Èkó nìkan.

Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ, nọ́ńbà ẹ̀rọ àti ọjọ́ sí, kí ẹ sì gba ìwé wọ́ráńtì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọjà tí ó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù òun kò ní àtúnwí mọ́, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé òfin wà. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún wa ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó péye, àjọ FCCPC ni a sì lè gbé ẹjọ́ lọ bá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní rìsíìtì, kí ni yóò fi rojọ́?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí tẹlifíṣàn aládùúgbò lé yín wọ gbèsè. Oní-ínṣì 32 tí a fi owó gidi rà, tí a dá ààbò bò, tí gbogbo ilé sì ń wò láìsí ìrora ojú, sàn ju oní-ínṣì 55 tí ó kú sára ògiri, tí ẹgbẹ́ ṣì ń yọ owó rẹ̀ lára owó oṣù bàbá. Ìnákúnàá ni ẹ̀sìn wa kọ̀ fún wa, kò kọ ohun rere tí a fi òye rà.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí owó tí a ń ná àti ohun tí a fi ń rà. Ó di ìgbà mìíràn. Ma-salam.